Ilé Yín Ò Létí: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀gbọ́n Mi ní Lọ́ńdọ̀nù

Ìsinbọ̀dé-Èkìtì

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú wàhálà ilé kíkọ́ láti òkèèrè. Mo kí ìyàwó wa, mo kí àwọn ọmọ. Màmá ń bẹ lálàáfíà; ara wọn le, ẹnu wọn sì mú ju ti èṣí lọ. Ìkíni ti parí. Ó ku ẹjọ́.

Ẹjọ́ náà kò gùn: òjò pa mí níwájú ilé yín.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè yín kí n tó gbé ọ̀rọ̀ ilé wá sójú táyé. Mo pè. Ẹ ní ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo fi ohùn mi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àmì búlúù méjì yọ, èsì ò yọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣí lẹ́tà yìí sílẹ̀ gbayawu, kí ẹnikẹ́ni tó bá kà á lè bá mi jíṣẹ́.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọjọ́ ọjà ni. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Òmùò, àpò gààrí kan wà lórí mi, ìwé ìròyìn wà lábíyá mi. Ojú ọ̀run ṣú. Kí n tó rìn dé ìwájú ilé yín, atẹ́gùn ti ń gbé ọ̀rá fò kiri bí ẹyẹ, òjò àkọ́rọ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kò. Ìyá kan tó ru epo pupa, ọmọ iléèwé méjì, àti èmi alára, a wo ọ̀tún, a wo òsì, a rí ilé tuntun kan, funfun báláú, tó dúró bí ìyàwó ọ̀sìngín. A sáré lọ síbẹ̀. A fẹ̀yìn ti ògiri, a nà ró ṣánṣán bí ẹni tí wọ́n fẹ́ wọn gíga rẹ̀ ní báráàkì ṣọ́jà.

Ẹ̀gbọ́n, bí òjò ṣe ń pa ẹni tó wà lójú títì ló ń pa àwa náà. Ògiri yín gòkè lọ tààrà, kò wẹ̀yìn. Kò sí nǹkan kan lókè rẹ̀ tó yọ síta tó lè bo orí adìẹ. Èyí tó wá burú jù ni páìpù kan tó yọrí jáde lára ògiri náà, tó ń tu omi sí wa ní àtàrí bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iléèwé yẹn gbójú sókè, ó ní, “Bàbá, òrùlé ilé yìí dà?”

Ìyá elépo ló dá a lóhùn. Ó ní, “Ó ní òrùlé, ọmọ mi. Etí ni kò ní.”

Nígbà tí kò sí ibi tó gbẹ mọ́ lára wa, a sáré sọdá títì lọ sí ilé Màmá, ilé onípáànù tó ti dípẹtà, tí Bàbá wa fi owó kòkó kọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn gba èèyàn mẹ́fà, ewúrẹ́ méjì, àti ìyá adìẹ kan tòun tàwọn ọmọ rẹ̀. Ó sì tún ku àyè tí Màmá gbé àpótí sí, tí wọ́n jókòó, tí wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ fi àwòrán ilé náà ránṣẹ́, mo bi yín pé òrùlé ńkọ́. Ẹ ní ó wà níbẹ̀, wọ́n fi pamọ́ ni. Ẹ ní parapẹ́ẹ̀tì ni, pé òun ló wà lóde báyìí. Bíríkìlà tún ṣàlàyé fún mi: wọ́n á mọ ògiri kọjá ibi tí páànù wà, páànù á wá sùn sẹ́yìn ògiri, ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò sì ní rí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé kí ni òrùlé ṣe tí a fi ń fi í pamọ́? Ṣé ó jalè ni, àbí ó jẹ gbèsè?

Òrùlé kọ́ ni fìlà ilé bí? Ilé yín wọ agbádá olówó ńlá, ó wá jáde sí òde lórí òfìfo. Ẹ rántí abetí-ajá tí Bàbá máa ń dé? Etí méjèèjì á nà sókè lọ́jọ́ tí ara bá yá. Lọ́jọ́ tí ọyẹ́ bá mú, Bàbá á fà wọ́n wálẹ̀, wọ́n á fi bo etí tiwọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òrùlé tí wọ́n bí wa sábẹ́ rẹ̀ ṣe rí: ó ga láàárín, ó sì na etí sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó dé fìlà tí kò létí ń ṣe fáàrí, n ò bá a jà. Àmọ́ kí ó má pe ara rẹ̀ ní ẹni tó múra de òtútù.

Àwọn tó kọ́kọ́ na etí òrùlé, wọn ò nà án lásán. Nígbà tí koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bolé lápá ọ̀dàn, tí ewé gbòdògì sì jẹ́ tiwa lápá igbó, òrùlé gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ́ gan-an. Bí ewé bá tẹ́ pẹrẹsẹ, omi á jókòó lé e, á rí ọ̀nà wọlé, ewé á sì jẹrà. Bó bá dà gẹ̀rẹ́, omi á ti sáré kọjá kó tó ráyè wá ihò. Amọ̀ sì ni ògiri nígbà náà. Òjò ni ọ̀tá amọ̀. Ìdí nìyẹn tí etí òrùlé fi ń gùn kọjá ògiri, tó ń rẹlẹ̀ débi pé àgbàlagbà ní láti tẹrí ba kó tó wọlé. Agbòjò ògiri ni. Nínú agbo ilé, òrùlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á kọjú sí àgbàlá, wọ́n á da omi sọ́wọ́ ara wọn, ìkòkò á sì gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń sanwó omi ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ má rò pé mo kórìíra ohun tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá. Páànù gan-an, Lọ́ńdọ̀nù ló ti wá. Ní 1829, ẹnjiníà kan níbẹ̀ tó ń bá iléeṣẹ́ èbúté ṣiṣẹ́, Henry Robinson Palmer, gba ẹ̀tọ́ lórí irin pẹlẹbẹ tí a ká ní ìgbì-ìgbì bí ojú omi. Ọgbọ́n rẹ̀ kò le: ẹ mú ìwé kan, ẹ dì í mú létí kan, á rọ́ wálẹ̀, ẹ ká a bí abẹ̀bẹ̀, á dúró gbọnin. Ní 1837, Stanislas Sorel ní ilẹ̀ Faransé tún gba ẹ̀tọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń fi síǹkì bo irin kó má tètè dípẹtà. Irin yẹn wọ ọkọ̀ ojú omi, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó wọ lọ́rì, ó dé Èkìtì. Nígbà tí owó kòkó gbóná lẹ́yìn ogun Hitler, ẹni tó bá fi páànù bolé ni wọ́n ń pè ní olówó. Páànù kò bèèrè òrùlé ṣóńṣó bíi ti ewé. Omi ò ní ibi tó fẹ́ gbà wọ inú irin. Àwọn bàbá wa wá rẹ òrùlé sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i dáadáa: orí ni wọ́n rẹ̀ sílẹ̀. Wọn ò gé etí.

Ibo wá ni parapẹ́ẹ̀tì ti wá? Ìlú yín náà ni. Iná jó Lọ́ńdọ̀nù ní 1666, ó jó o kanlẹ̀. Nígbà tó di 1707, òfin jáde pé wọn ò gbọdọ̀ fi igi ṣe etí òrùlé mọ́, nítorí etí onígi ni iná ń gbà fò láti ilé kan sí òmíràn. Kí ògiri bíríkì gòkè kọjá òrùlé ló tọ́. Bí ẹ bá rìn ládùúgbò tí àwọn ilé àtijọ́ wà, ẹ gbójú sókè: ọ̀pọ̀ wọn ló ní ògiri kékeré kan níwájú, òrùlé sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó tẹ̀ wọnú bí ìyẹ́ labalábá. Ẹ̀rù iná ló bí i. Wọ́n ní ìdí. Ẹ̀gbọ́n, búlọ́ọ̀kù ni ògiri yín, alumíníọ̀mù ni páànù yín, pápá gbalasa sì ni ẹ̀gbẹ́ ilé yín lọ́tùn-ún lósì. Iná wo lẹ ń sá fún? Yàtọ̀ sí ìyẹn, òjò Lọ́ńdọ̀nù máa ń ṣe wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà. Tiwa kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Èyí tó ń rọ̀ níhìn-ín lọ́dún kan tó ìlọ́po méjì tọ̀hún, tí kò bá tiẹ̀ jù ú lọ, ẹ̀ẹ̀kan náà ló sì máa ń dà á sílẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ kọ́ nìyí tí Lọ́ńdọ̀nù àti Èkìtì á ṣe pàṣípààrọ̀ nǹkan ilé. Ní 1924, ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ lọ sí àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley. British Museum rí i, ọ̀fun wọn dá tòlótòló, wọ́n fẹ́ rà á. Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, kò gba owó. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà dípò. Ilẹ̀kùn náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ lè wọ bọ́ọ̀sì lọ kí i. Ọba fi ilẹ̀kùn gba ìtẹ́. Ẹ̀yin wá fi etí ilé wa gba ògiri panápaná. Nínú yín méjèèjì, ta ló mọ ọjà ná?

Nígbà tí a ti dárúkọ Ọlọ́wẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi í gún yín lára díẹ̀ sí i. Láàárín 1910 sí 1914 ló gbẹ́ àwọn òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin Ìkẹ́rẹ́ yẹn. Ọ̀kan wà ní Art Institute of Chicago ní Amẹ́ríkà lónìí, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5: ọba jókòó, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ga ju ọba lọ fíofío. Àwọn èèyàn ń sanwó wọlé, wọ́n ń yí i po, wọ́n ń mirí. Ẹ wá bi mí pé kí ni òpó ń wá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òpó kì í dúró lásán. Òrùlé ààfin na etí sínú àgbàlá; abẹ́ etí yẹn ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà; ẹsẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni òpó. Bí òrùlé kò bá létí, kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí òpó. Bí kò sí òpó, kí ni Ọlọ́wẹ̀ ì bá rí gbẹ́? Ká ní ẹ̀yin lẹ kọ́ ààfin Ìkẹ́rẹ́ ni, bóyá àga iléèwé ni ọkùnrin yẹn ì bá kàn títí tó fi kú ní 1938, a ò sì ní gbọ́ orúkọ rẹ̀ kọjá Ẹ̀mùré.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ràn ìṣirò jù nínú ilé wa, ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ilé yín fẹ̀ ní mítà 12, ó gùn ní mítà 15. Òrùlé rẹ̀ bo ilẹ̀ tó jẹ́ 180 ní mítà oníbùú-lóròó. Bí òjò milimítà kan bá rọ̀ sórí mítà oníbùú-lóròó kan, lítà omi kan nìyẹn. Òjò milimítà 20, èyí tí kò jọ Èkìtì lójú rárá, á da lítà 3,600 sórí ilé yín. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 lọ́nà 144 nìyẹn. Ní ilé Màmá, ìgbì páànù kọ̀ọ̀kan á gbé tirẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ á máa dà yíká ilé, dúrọ́ọ̀mù á gba èyí tó bá lè gbà, ilẹ̀ á mu ìyókù. Ní ilé yín, gbogbo kẹ́ẹ̀gì 144 yẹn gbọ́dọ̀ tò sínú gọ́tà sìmẹ́ńtì kan lẹ́yìn ògiri, kí wọ́n sì gba ẹnu páìpù méjì jáde. Ewé máńgòrò kan péré àti òkú aláǹgbá kan ti tó láti sọ gọ́tà yẹn di odò ẹja. N ò sọ pé ó ti ṣẹlẹ̀ o. Mo kàn ń jábọ̀ fún yín pé àwòrán Áfíríkà ti ń yọ lára sílíìnì pálọ̀ yín. Nígbà tí mo kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ó ku Madagásíkà.

Ògiri funfun báláú yẹn náà, nígbà tí kò sí etí tó bò ó, omi ẹlẹ́gbin ń ṣàn wálẹ̀ lára rẹ̀. Ilé tí kò tíì pé ọdún méjì ti kọ ilà àbàjà.

Ẹ má wá tìtorí pé mò ń bú parapẹ́ẹ̀tì kí ẹ sọ pé ẹ máa ṣe bíi ti aládùúgbò yín apá òsì, ẹni tí òrùlé rẹ̀ ga ju ilé rẹ̀ lọ. Mo ka ṣóńṣó méje lórí ilé yẹn kí ọrùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ẹ jẹ́ ká fi ilé mítà 12 náà wò ó. Bí orí òrùlé bá ga ní mítà 2, igi ráfútà kọ̀ọ̀kan á gùn tó mítà 6.3, bó bá ga ní mítà 6, ráfútà á di mítà 8.5. Páànù tó ì bá jẹ́ mítà oníbùú-lóròó 190 á fò sókè di 255, igi á pọ̀ sí i, ìṣó á pọ̀ sí i, káfíńtà á ra ọ̀kadà. Òjò tó máa gbà ńkọ́? Kò yí padà. Bí òrùlé bá ga dé ọ̀run, ilẹ̀ tó bò ni òjò máa kà. Láyé àtijọ́, òrùlé tó bá yọrí síta tó ga fíofío, èyí tí wọ́n ń pè ní kọ̀bì, àmì ààfin ni. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Lónìí, gbogbo ẹni tó bá ti ra sìmẹ́ńtì ti di ọba. Gèlè ò dùn bíi ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé kò dà bíi kó yẹni. Aládùúgbò yín wé gèlè tí kò jẹ́ kí ará ẹ̀yìn ríran. Ẹ̀yin sì rèé, ẹ fá orí.

Mo ti ń gbọ́ ìdáhùn yín láti ibi tí mo jókòó sí. Ẹ máa ní atẹ́gùn ni, pé etí òrùlé ni atẹ́gùn ń dì mú tó fi ń ṣí iléèwé àti ṣọ́ọ̀ṣì lórí nígbàkigbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé. Irọ́ kọ́. Atẹ́gùn tó gba orí òrùlé kọjá kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ńṣe ló ń fà á sókè, àgàgà bí òrùlé bá tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tó bá sì wọ abẹ́ etí á máa tì í láti ìsàlẹ̀. Ọ̀kan ń fà, ọ̀kan ń tì, páànù á dágbére. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Káfíńtà tó mọṣẹ́ kò ní gé etí. Á ṣe é níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 2, á fi irin pẹlẹbẹ di ráfútà mọ́ igi orí ògiri, á rí i pé wọ́n ti de igi yẹn mọ́ kọnkéré, á sì jẹ́ kí òrùlé dà sí ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dípò méjì, kí atẹ́gùn má baà rí ògiri ṣóńṣó tó máa kọlù. Ilé Màmá ti rí atẹ́gùn tó ju ọjọ́ orí yín lọ. Ó ṣì wà níbẹ̀, ó ń gbà yín lálejò bí ẹ bá wálé.

Kí ẹ má baà rò pé ilé nìkan ni mo dojú ìjà kọ, ẹ jẹ́ ká yà sí gáréèjì. Jíìpù dúdú tí ẹ gbé wálé, òun náà ò létí. Lọ́jọ́ kejì òjò, mo ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ kí n lè tan íńjìnnì bí ẹ ṣe ní kí n máa ṣe, omi orí rẹ̀ ya lu àga awakọ̀ ṣàà. Ẹ rántí Ìjàpá tí ọ̀gá iléèwé wa ń wà, Volkswagen kékeré yẹn? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Èkó ní 1975, ọdún kan náà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti Peugeot ní Kàdúná. Orí Ìjàpá rí rogodo bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, kò sì sẹ́ni tó ń fi gíga rẹ̀ yangàn. Ṣùgbọ́n irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lókè ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ṣe kọ̀rọ̀ bíi gọ́tà, òun ló ń darí omi òjò gba ibòmíràn kó má baà dà sí ẹni tó ń wọlé lára. Peugeot 504 ní i. Dánfó Volkswagen ní i. Etí ọkọ̀ nìyẹn. Etí yẹn náà ni wọ́n ń fi karíà há, tí 504 sítéṣọ̀n fi ń ru iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Èkìtì dé Èkó. Jíìpù yín ní irin méjì gbọọrọ lórí bíi karíà, ṣùgbọ́n n ò tíì rí i kó ru ju ìgbẹ́ ẹyẹ lọ.

Láti bí 1980 síwájú ni àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí yẹn pamọ́. Wọ́n ní ó ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́, ó ń pariwo, ó sì ń fi epo ṣòfò. N ò bá wọn jiyàn. Ọkọ̀ ń sáré. Ilé yín, Ẹ̀gbọ́n, ibo ló ń sáré lọ?

Òrùlé jíìpù náà tún wá dà gẹ̀rẹ́ lápá ẹ̀yìn, wọ́n ní kó lè jọ ọkọ̀ eré ìje ni. Lọ́jọ́ tí a gbé Màmá lọ síbi ìgbéyàwó ní Adó, gèlè aṣọ òkè tí wọ́n fi odindi wákàtí kan wé kan òrùlé kí wọ́n tó jókòó tán. Wọ́n dorí kọ ẹ̀gbẹ́ kan títí a fi dé Adó. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wo ọkọ̀ náà látòkè délẹ̀, wọ́n ní, “Ṣé ọba ni nǹkan yìí ń kí tó fi dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn?” Nígbà tí a ń bọ̀, wọ́n kọ̀ jálẹ̀; bọ́ọ̀sì Toyota Hiace olórí gíga, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Hummer, ni wọ́n bá wálé, gèlè wọn dúró digbí. Àwọn òyìnbó yín pàápàá mọ èyí. Àwọn awakọ̀ takisí dúdú ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń sọ ọ́ pé ìdí tí orí ọkọ̀ àwọn fi ga ni kí ọkùnrin lè jókòó láìṣí àkẹtẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ yẹn ro ti orí ẹlòmíràn.

Gbogbo ọ̀rọ̀ mi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti onílé ni inú òrùlé: ooru rẹ̀, òtútù rẹ̀, àti owó tó gbé lé e. Etí rẹ̀ nìkan ni kì í ṣe ti onílé. Ìta ògiri ló wà. Ẹni tó ń kọjá ló ni ín. Bàbá wa kò mọ orúkọ ìdajì àwọn tó ti yà sábẹ́ páànù yẹn. Ẹni tó ń ti oko bọ̀, ẹni tó ń lọ sílé ìwòsàn, Fúlàní tó ń da màlúù, gbogbo wọn ni òjò ti ká mọ́ ibẹ̀. Òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́. Ẹni eji rí ni eji ń pa. Níwọ̀n ìgbà tí òjò ò ti mọ olówó, ẹni tó bá ní páànù ló yẹ kó mọ ẹni tí kò ní.

Bí gbogbo àlàyé yìí ò bá wọ̀ yín létí, ẹ pe ìyàwó wa, kí ẹ bá mi bi wọ́n ní ìbéèrè kan. Lọ́dún yẹn lọ́hùn-ún, nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ tíṣà, tí wọ́n ti Ìkẹ́rẹ́ bọ̀ wá kí àǹtí wọn níbí, níbo ni òjò ká wọn mọ́? Ta ló gbé àpótí jáde fún wọn kí wọ́n jókòó? Ta ló gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀ pé kí òjò yẹn má tètè dá? Mo ṣe kékeré nígbà náà, ṣùgbọ́n ojú mi ò fọ́. Òjò dá, ẹ ṣì ń sọ fún wọn pé ó ń rọ̀.

Ká ní ilé Bàbá jẹ́ ilé parapẹ́ẹ̀tì ni, wọn ì bá ti sáré kọjá lọ. Bóyá ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn ì bá ti máa jẹun lónìí.

Nítorí náà, mo ti bá káfíńtà sọ̀rọ̀. N ò ní kí ẹ wó nǹkan kan. Ẹ fi parapẹ́ẹ̀tì yín sílẹ̀ lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí àwọn tó ń ya fọ́tò máa rí i. Níwájú nìkan, lápá títì, ẹ jẹ́ kó bá wa yọ páànù tó fẹ̀ ní mítà kan àti ààbọ̀, kó gùn látìgun dé igun, kó fi òpó mẹ́rin gbé e ró. Òpó lásán ni o, Ọlọ́wẹ̀ ti sùn. Ẹ bá mi fi etí sí ilé náà. Bí ẹ̀yin náà bá sì fetí sí mi, inú mi á dùn sí i.

Èmi ni àbúrò yín tí òjò pa.

Mo gbàgbé: gààrí tó wà lórí mi lọ́jọ́ yẹn di ẹ̀bà kí n tó sọdá títì. Ẹ̀yin lẹ máa san owó rẹ̀. Ẹ fi kún ti káfíńtà nígbà tí ẹ bá ń fowó ránṣẹ́.